Ọmọ Tí Kò Fẹ́ Fẹsẹ̀ Kan Ilẹ̀

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi gbéra, kò balẹ̀ níbì kan àfi orí Àwẹ̀ró, ọmọ tí kò fẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

"Kí ló dé tí kò fẹ́?"

Ẹ fara balẹ̀, ẹ óò gbọ́.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé, Odídẹrẹ́ ló ń gbé ìròyìn kiri. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bà sórí òrùlé ilé Àwẹ̀ró, ó figbe ta:

"Ilẹ̀ gbóná! Ilẹ̀ gbóná ní òdìkejì odò! Ó ń bọ̀ o!"

Àwọn àgbà ń wo ojú ara wọn.

Àwẹ̀ró fa ìró ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, kí ni Odídẹrẹ́ ń sọ?"

"Pa ẹnu rẹ mọ́! Ọmọdé kì í bèèrè irú ẹ̀!"

Àwẹ̀ró wo ilẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gun igi ọsàn, ó di ẹ̀ka mú gírígírí.

"Yéè! Ó rò pé ilẹ̀ ń jó ni!"

Ohun tó rò gan-an nìyẹn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ yọjú láti inú ihò igi. "Ọmọ ènìyàn, ìrù rẹ dà? Ta ló ní kí o wá gba ilé mi?"

Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Orin ló ń kọ. Ẹ gbè é:

Ilẹ̀ gbóná, n ò sọ̀.
*Rọra, ọmọ, rọra.*
Ẹsẹ̀ mi kéré, n ò sọ̀.
*Rọra, ọmọ, rọra.*

Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ wá. "Sọ̀ wá jẹun."

"Rárá. Orí ilẹ̀ ni ìkòkò wà."

Ó gbé omi wá.

"Rárá. Inú ilẹ̀ ni kànga wà."

Oòrùn kan àtàrí. Ètè ọmọ gbẹ, ó là. Orin kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́ lára ẹ̀ka.

"Ṣé ó já bọ́?"

Kò tíì já bọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló pariwo: "Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ yára o! Apá ọmọ yín ti ń rọ̀!"

Ìyá rẹ̀ sáré dé abẹ́ igi. "Àwẹ̀ró, kí lò ń sá fún?"

"Ìyá mi, ṣé ẹsẹ̀ yín ò tíì jóná ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gún ìyá rẹ̀ láyà. Ìgbà yẹn ló tó yé e, ó sì la ẹnu láti sọ ohun tí Odídẹrẹ́ ní lọ́kàn.

Ìyá àgbà ké láti ọ̀ọ̀dẹ̀: "Má dárúkọ rẹ̀ o! A kì í dárúkọ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan!"

"Ẹ foríjì mí, ìyá. Ọmọ mi fẹ́ kú." Ó gbójú sókè. "Àwẹ̀ró, Ṣọ̀pọ̀ná ni. Àìsàn ni, kì í ṣe iná. Ara èèyàn ló ń gbóná, kì í ṣe ilẹ̀. Ẹ̀rù orúkọ rẹ̀ ló ń ba àwa àgbà tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀."

Ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀. "Wò ó."

"Ṣé ó lè dé ọ̀dọ̀ wa?"

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ó lè dé. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi ní sọdá odò, tí kálukú yóò fi máa mu omi nínú igbá tirẹ̀. Bí ara rẹ bá gbóná, wá sọ fún mi. N ò ní bínú, n ò sì ní fi ọ́ sílẹ̀."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń júwe ẹ̀ka tí yóò tẹ̀ fún un. Díẹ̀díẹ̀, Àwẹ̀ró sọ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ló kọ́kọ́ fi kan ilẹ̀.

"Ó tutù," ó ní. Ó wá bú sẹ́kún. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi láàárọ̀?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ìròyìn bá dẹ́rù bà yín, ẹ bèèrè. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ṣe bí ẹni tó ti sùn lẹ́yìn wa níbẹ̀ yẹn, ẹ dá wọn lóhùn.

Ibi tí àlọ́ mi tẹ́ ẹní sí nìyí. Bí mo bá parọ́, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ èrìgì. Bí n ò bá parọ́, kí gbogbo wa jí ire.