Bọ́tìnnì Àárín

Ẹni tó bá ń fi ohun tuntun ṣe fáàrí, kó wá gbọ́ ti Ìyá Dọ́láńpọ̀, tó ti ń tẹ àkọ́díọ̀nù nínú ìjọ láti ogójì ọdún.

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan, Gbóyèga, ọ̀gá akọrin tuntun, ní bọ́tìnnì ara àkọ́díọ̀nù náà tó ti jẹ ń dójú ti ìjọ. Ó ní kí wọ́n yọ gbogbo wọn, ó fi tuntun tó ń dán yinrinyinrin rọ́pò.

Lọ́jọ́ ìdánrawò, màmá gbé e kọ́rùn. Ojú kì í rí ibi tí ọwọ́ òsì ń tẹ̀. Bọ́tìnnì àárín tó ti jẹ di kòtò ni ìka rẹ̀ fi ń mọ̀nà. Wàyí o, gbogbo wọn ń yọ̀ bákan náà. Orin dàrú, àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ lọ sinmi," Gbóyèga wí. "Ara ti ń dàgbà."

"N ò ní sinmi! Ìwọ gbé e, kí o tẹ̀ ẹ́."

Gbóyèga tẹ̀ ẹ́ títí, ó ń nàgà wò ó bí ẹni tí abẹ́rẹ́ jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orin tirẹ̀ tún burú jù.

Màmá tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú bọ́tìnnì àárín àtijọ́ tó ti fi pamọ́ jáde. Ó fi ìkòótí yọ tuntun dànù, ó ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó dijú, ó tẹ̀ ẹ́, orin sì tú yááyáá.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà," ó wí láìlajú, "kò lè lákìísà bí àgbà. Tuntun kún ọjà, Gbóyèga. Lọ wò ó bóyá wọ́n ń ta èyí tí ìka mi fi ogójì ọdún gbẹ́."