Ìbọn Tó Ń Sinmi

Ọkùnrin kan wà, ọdẹ ni. Ìbọn ṣakabùlà kan ṣoṣo ló ní, ìdí ìbọn náà sì là sí méjì. Kò pẹ́ sí i ni túùkú, ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó, mọ ọ̀nà oko ìyàwó rẹ̀. Wò ó, ẹranko ò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n bí ìbọn bá ti dákẹ́ nílùú, wọ́n á mọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ hú iṣu ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n wọ àárín oko.

Iṣu oko náà kì í ṣe fún jíjẹ nìkan. Inú rẹ̀ ni èbù tí obìnrin náà yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ wà. Bí túùkú bá jẹ ẹ́ tán, ó parí nìyẹn, kò ní rí nǹkan gbìn mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ara ọdẹ kò fi balẹ̀.

Ó gbé ìbọn lọ sí ìlú òkè odò, níbi tí alágbẹ̀dẹ kan wà tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Alágbẹ̀dẹ yẹ ìbọn náà wò títí, ó ní kì í ṣe ìdí rẹ̀ nìkan ló bàjẹ́, ọ̀pá rẹ̀ náà ti fẹ́lẹ́. Ó ní òun yóò rọ òmíràn. Ó mú irin tuntun, ó bi ọdẹ léèrè àmì rẹ̀, ó fín àmì náà sí i lára, bí ẹsẹ̀ adìẹ. Ó ní, “Bí àgbàdo bá ti yọ irùngbọ̀n, padà wá.”

Àgbàdo yọ irùngbọ̀n, ọdẹ padà lọ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ìbọn mi ńkọ́?”

“Ó ń sinmi.”

“Ọjọ́ wo ni kí n wá?”

“Bó bá sinmi tán, màá ránṣẹ́ sí ọ.”

Ó lọ sílé. Wọ́n sun àgbàdo jẹ, wọ́n sè é jẹ, ó sú wọn. Ọdẹ tún lọ. Alágbẹ̀dẹ ò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹwìrì tó ń fẹ́. “Ó ń sinmi.”

Háà! Inú bí ọdẹ. Lójú ọ̀nà ló ti ń dá sọ̀rọ̀: “Irin tí kò tíì ṣiṣẹ́ kankan láyé, kí ló rẹ̀ ẹ́? Àbí ó rin ìrìn àjò ni?”

Ọkùnrin yìí sì rèé, ó fẹ́ràn ìtọpinpin púpọ̀. Kò sí ohun tí ó rí tí kì í fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ó ní kí òun kúkú lọ wo ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ mìíràn ń rọ. Ó yà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ẹ̀bá ọ̀nà. Ìbọn tó wà lára ògiri níbẹ̀ kò lóǹkà, gbogbo wọn ń dán gbinrin, ìṣó bàbà wà lára ìdí wọn. Ọdẹ gbé ọ̀kan, ó fi ojú sẹ́nu rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbé e lé èjìká, ó tún fi imú gbóòórùn rẹ̀.

“Ọjọ́ wo ni mo lè gbé irú èyí?”

“Òní!” Alágbẹ̀dẹ náà rẹ́rìn-ín. “Ọdẹ ńlá bíi tìrẹ, ta ni yóò ní kí o máa dúró?”

Inú ọdẹ dùn. Ṣùgbọ́n kò gbé e. Ó fẹ́ rí ti ẹlòmíràn ná. Ó bọ́ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ẹ̀yìn ọjà. Ìbọn tibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, onítọ̀hún ò sì lọ́yàyà. Ọdẹ bi í ní ọjọ́, ó ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ọdẹ wo ìbọn, ó wo ẹni tó rọ ọ́, ó pòṣé nínú ọkàn rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, ọdẹ di ọ̀gá. Bí ó bá ti jókòó ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, wọn á yí i ká. “Ti ẹ̀bá ọ̀nà ńkọ́?” Á ní, “Ó fúyẹ́, ó wu ojú.” “Ti ẹ̀yìn ọjà ńkọ́?” Á ní, “Òbúrẹ́wà.” “Ti òkè odò ńkọ́?” “Èyí tó ń sinmi yẹn?” Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ ọn gan-an. Ó tún padà lọ wo àwọn ìbọn náà, ó tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó lè rí ohun tuntun sọ fún wọn. Oòrùn ń yọ, ó ń wọ̀, kò sí ìbọn nílé.

Ní àárọ̀ kan, ìyàwó rẹ̀ ti oko dé, ó sọ agbọ̀n òfìfo sílẹ̀. Ó ní, “Baálé mi, ẹ ti mọ gbogbo ìbọn ayé tán. Túùkú náà ti mọ gbogbo iṣu oko wa tán.”

Ojú ti ọdẹ, ó dìde lọ sí òkè odò láti gba ìbọn rẹ̀ àtijọ́ padà, kí ó sì tibẹ̀ lọ gbé ti ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà tí ó débẹ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ wà lẹ́yìnkùlé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Ó kàn gbọ́ tí ẹnì kan pariwo, “Wólẹ̀!”

Ọdẹ ju ara rẹ̀ sílẹ̀. Gbàù! Èéfín bo gbogbo ilẹ̀. Nígbà tí ó gbórí sókè, ó rí ìbọn kan tí wọ́n dè mọ́ igi, okùn gígùn kan so mọ́ ibi tí ìka ti ń fà á, alágbẹ̀dẹ sì ń ti ẹ̀yìn ọ̀gán bọ̀.

“Ṣé o fẹ́ kú ni? Ta ló ní kí o gba ibẹ̀ yẹn wọlé?”

Ó kóná mọ́ ọdẹ dáadáa kó tó tú ìbọn náà sílẹ̀. Ẹ̀tù tó pọ̀ ju èyí tí ọdẹ kankan lè kì sínú ìbọn lọ ni alágbẹ̀dẹ yìí máa ń kọ́kọ́ kì sínú ìbọn tuntun, láti dán an wò. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá là á já, yóò bu omi kún inú rẹ̀, yóò dí i lẹ́nu, yóò gbé e kọ́ sí ibòòji fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí ó bá sán níbìkan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, omi yóò làágùn jáde níbẹ̀. Ọdẹ wo ilẹ̀, ó rí àwọn irin tó ti fàya. Ó mú ọ̀kan, ó rí ẹsẹ̀ adìẹ lára rẹ̀. Ó mú òmíràn, ẹsẹ̀ adìẹ ni.

“Bàbá, ìbọn mi ti b...”

Alágbẹ̀dẹ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. “A kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn níhìn-ín bí irin bá wà nínú iná!”

Àṣé èèwọ̀ ni ní ilé alágbẹ̀dẹ wọn láti sọ pé ìbọn bàjẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́. Bí ìbọn bá fàya tí wọ́n tún un rọ, wọn á ní ó ń sinmi. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, wọn á ní ó ń sinmi. Gbogbo òkè odò ló mọ̀. Ọdẹ tó ti òdìkejì odò wá ni kò mọ̀.

“Kí ló dé tí ẹ ò fi là á yé mi?”

“O ò bi mí. Ọjọ́ nìkan lo máa ń bi mí.”

Ó yẹ kí alágbẹ̀dẹ sọ o, n ò ní parọ́, òun náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ ò dúró jà. Ó nu ekuru ojú rẹ̀, ó kọrí sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ẹ̀bá ọ̀nà.

“Èyí tó wà lára ògiri yìí, kí lo ṣe sí i kí o tó gbé e kọ́?”

“Mo fi epo nù ún dáadáa.”

“Ṣé o yìn ín wò?”

“Èmi kẹ̀? Àbí èmi ni ọdẹ?”

Ọdẹ rọra kúrò níbẹ̀. Ó bi ti ẹ̀yìn ọjà ní ìbéèrè kan náà. Onítọ̀hún mú un lọ sẹ́yìn ìsọ̀. Ọdẹ bá igi tó ní okùn níbẹ̀, ó bá irin tó fàya nílẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọkùnrin náà ti máa ń dán àwọn ọ̀pá rẹ̀ wò sílẹ̀, kí ọdẹ kankan tó dé. Ìdí rẹ̀ nìkan ló máa ń kù tí yóò gbẹ́. Ọdẹ káwọ́ lérí. Ẹni tó pòṣé sí ló ní ohun tó ń wá láti ìgbà yìí wá.

Ní ọjọ́ ọjà, nígbà tí ti òkè odò ṣì ń sinmi, ó gbé ìbọn dúdú náà lọ sílé, túùkú sì gbọ́ ọ. Èbù tí wọ́n rí kó kù díẹ̀ kí ó tó. Iṣu jíjẹ ò sí rárá. Ẹ̀bà ni wọ́n jẹ lọ́dún náà títí ó fi sú wọn, òkèlè kọ̀ọ̀kan ni ìyàwó fi ń wo ojú ọkọ.

Ìbírónkẹ́, ọmọ mi, ìdí tí mo fi ní kí o jókòó nìyí. Ọkùnrin tó ní òun yóò fẹ́ ọ ń sún ìgbéyàwó síwájú, inú ń bí ọ, n ò sì dá ọ lẹ́bi. Mo gbọ́ pé o ti ń fi í wé àwọn mìíràn: èyí ga, ẹnu tọ̀hún dùn, ẹnì kan sì ní òun ṣe tán lónìí. Ọjọ́ lò ń bi gbogbo wọn. Òun ń dá ọ lóhùn pé ó kù díẹ̀, o ò sì mọ ohun tó wà nínú “ó kù díẹ̀” rẹ̀. Èmi náà ò mọ̀. Ó lè jẹ́ ilé ló ń kọ́. Ó lè jẹ́ obìnrin mìíràn ló fi pamọ́ síbìkan. Lọ bá a lọ́la. Má bi í ní ọjọ́ o. Ní kí ó mú ọ lọ síbi tí ohun tó ń dá a dúró wà, kí o fi ojú ara rẹ rí i. Bí ó bá ní nǹkan fi hàn ọ́, fara balẹ̀ dúró dè é. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn ló fẹ́ fi yí ọ lórí, dìde níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni kí o kọ́kọ́ yà sí, èmi fúnra mi ni màá lọ sọ fún bàbá rẹ.