Ọnàdípẹ̀ àti Ọ̀bẹ Tí Kò Ní Èkù

"Bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀." Ta ni kò tí ì gbọ́ òwe yìí rí? A ń pa á fún ọmọdé, a ń pa á fún àgbà. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún èmi náà.

Agbẹ́gi kan wà ní Ìsàngbé láyé àtijọ́, Ọnàdípẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá yí ìtì igi dé iwájú rẹ̀, kì í kọ́kọ́ wo apá ibi tí irinṣẹ́ wà. Ìka ni yóò fi kan igi náà, kó, kó, kó, yóò dẹtí sí i, yóò wá ní, "Àáké ńlá ni èyí ń fẹ́," tàbí, "Ẹ má fi agbára bá èyí, àáké kékeré ọlọ́rùn wíwọ́ ni tirẹ̀." Kì í ṣì í. Àwọn agbẹ́gi ìlú mìíràn a máa rìn wá bi í léèrè kí wọ́n tó dáwọ́ lé igi tó ṣọ̀wọ́n.

Òkìkí yìí kó sí i lórí díẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Ajíbóyè, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Ajíbóyè kì í gbẹ́ ère, kì í gbẹ́ òpó. Èkù àdá àti èkù ọ̀bẹ ni ó ń gbẹ́ fún àwọn àgbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu, Ọnàdípẹ̀ sọ lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ajíbóyè kẹ̀? Ìyẹn kì í ṣe agbẹ́gi, agbẹ́kù ni." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ajíbóyè náà rẹ́rìn-ín, ó rọra gbé igbá ẹmu rẹ̀ kalẹ̀, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Fún ọdún méje, kò tún yà sí àtíbàbà Ọnàdípẹ̀ mọ́.

Nígbà òjò ọdún keje, ikán jẹ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé baba Ọnàdípẹ̀, òpó náà sì wó. Ìyá rẹ̀, Mojẹ́ẹ̀rẹ́, ti di arúgbó, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Ó ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀.

"Gbẹ́ òmíràn, kí o sì gbẹ́ ojú baba rẹ sí i," ni ó wí. "Mo fẹ́ máa fọwọ́ bà á kí n tó lọ bá a."

Igi apá ni Ọnàdípẹ̀ yàn, nítorí pé ikán kì í tètè rí i jẹ. Àáké ńlá ni ó sì fà yọ. Àwọn àbúrò rẹ̀ ní àwọn yóò ràn án lọ́wọ́, ó kọ̀ jálẹ̀; òpó baba òun, òun nìkan ni yóò gbẹ́ ẹ. Ó gé e níwájú ilé baba rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, àáké bá kókó igi pàdé, ó ta padà, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Ọnàdípẹ̀ sì yí. Wọ́n fi omi gbígbóná jó o títí wíwú rẹ̀ fi dínkù, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ kò lè ká dé àtẹ́lẹwọ́ mọ́.

Ojú baba rẹ̀ ni ó sì kù láti gbẹ́. Kò sí àáké tí í gbẹ́ ìpéǹpéjú. Ọ̀bẹ nìkan ló lè ṣe é. Èkù ọ̀bẹ tí Ọnàdípẹ̀ jogún lọ́wọ́ baba rẹ̀ sì tín-ín-rín. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, á yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí í yan irinṣẹ́ fún gbogbo ìlú wá jókòó sáàárín irinṣẹ́ tirẹ̀, ó ń mú èyí, ó ń ju tọ̀hún sílẹ̀. Ó mọ̀ pé èkù tó nípọn ni ọwọ́ òun ń fẹ́. Ó sì mọ ẹni tí í gbẹ́ ẹ. Ojú ń tì í. Ló bá yọ ọ̀bẹ kúrò nínú èkù rẹ̀, ó wé àkísà mọ́ ìdí rẹ̀, ó ní òun á fi gbẹ́ èkù tuntun fún un. Irin náà yí nínú àkísà, ó sì la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ọnàdípẹ̀," ìyá rẹ̀ pè é láti inú ilé, "ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí n kò gbọ́ ìró iṣẹ́ rẹ."

"Irinṣẹ́ ni mo ń yàn, ìyá mi."

"Ìwọ? Fún ọjọ́ mẹ́ta?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó wọlé tọ̀ ọ́ lọ, ó kúnlẹ̀ bí ọmọdé, ó fi ọwọ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì sọ bí èkù ọ̀bẹ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Ìyá fọwọ́ wá àwọn ìka tó ti le gan-an náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Kò bá a wí.

"Ọ̀bẹ rẹ mú, ọmọ mi," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n bó ti mú tó yẹn, òun kọ́ ló gbẹ́ èkù tí baba rẹ fi ń dì í mú. Dìde, kí o lọ bá ẹni tí í gbẹ́ èkù."

Ọnàdípẹ̀ gba ọ̀nà ilé Ajíbóyè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo pè ọ́ ní agbẹ́kù," ni ó sọ fún un.

"Agbẹ́kù náà ni mí," Ajíbóyè dáhùn. "Ohun tó dùn mí ni pé ìwọ lo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mú ọwọ́ rẹ wá kí n wò ó."

Kò tíì fọwọ́ kan igi kankan. Amọ̀ tútù ni ó kọ́kọ́ fi sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní kó dì í mú dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí amọ̀ gbẹ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn kan, ó sì gbẹ́ èkù tó sanra níbí, tó tẹ̀ wọnú lọ́hùn-ún, bí ọwọ́ náà ṣe rí gẹ́lẹ́. Ọnàdípẹ̀ dì í mú. Kò bọ́. Ni ọkùnrin náà bá bú sẹ́kún.

Ojú tó gbẹ́ sára òpó náà kò dán bí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e nàró, Mojẹ́ẹ̀rẹ́ fọwọ́ pa á láti iwájú orí dé àgbọ̀n. "Imú rẹ̀ tóbi ju báyìí lọ," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sì tètè mú ọwọ́ kúrò.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pa á lówe ní Ìsàngbé, kí ó tó tàn káàkiri, pé bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn àgbà kì í fi bú ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá rí ẹni tó mọ iṣẹ́, tó gbọ́n, tó sì ń ran gbogbo ayé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wá dojú rú tí ojú sì ń tì í láti ké sí ẹlòmíràn, òun ni wọ́n ń pa òwe yìí fún, kí ó lè dìde, kí ó lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́.