Ọba Tuntun Létí Adágún

Ọba kan wà ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, láyé ìgbà tí àwọn ìdílé ọba ibẹ̀ ń fi ogun gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Ó bá ọba aládùúgbò rẹ̀ jà, ó pa á sójú ogun, ó sì gorí ìtẹ́ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ olóògbé náà mọ́. Wọ́n ha orúkọ náà kúrò lára àwọn òkúta, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú orin.

Nígbà tó yá, òjò kọ̀, kò rọ̀. Ìròyìn dé láti ìlú tí ọba tuntun yìí ti wá pé màlúù ń kú, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ti ń sá kúrò nílé. Ọkàn rẹ̀ dàrú. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí ó gbà, oko ìrẹsì tutù yọ̀yọ̀. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ síbi tí omi ti ń wá.

Wọ́n mú un dé etí adágún ńlá kan tí wọ́n fi òkúta àti amọ̀ sé. Àwọn àgbẹ̀ ti pé jọ láti ṣí omi sí oko. Kíran, bàbá arúgbó tí ń ṣọ́ omi náà, gbé ọwọ́ sókè láti dúpẹ́, ó sì dákẹ́ lójijì.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Kábíyèsí, ẹ má bínú. A máa ń dárúkọ ẹni tó gbẹ́ adágún yìí fún wa ká tó ṣí i. Ẹ sì ti ní ká má pe orúkọ náà mọ́."

Gbogbo èèyàn dorí kodò. Ọba wo omi náà títí. Ìrẹsì tí omi yìí mú hù ni ó jẹ láàárọ̀. Ó bọ́ bàtà, ó wọ inú omi dé orúnkún.

"Ponmáran," ni ó wí, "ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Omijé bọ́ lójú Kíran bó ti ń ṣí omi. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọba ránṣẹ́ pe àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n wá dáko níbẹ̀. Nígbà tí òjò padà, ó gbẹ́ adágún sí ìlú tirẹ̀, orúkọ Ponmáran ni ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sára òkúta ibẹ̀.

Ìwọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí ìjọ wa, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ìwọ àti ẹni tó ṣáájú rẹ kò rẹ́. Síbẹ̀, òun ló kọ́ ilé tí o ti ń wàásù, òun ló sì kọ́ àwọn ọmọ tí ń kọrin fún ọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, dárúkọ rẹ̀ lójú gbogbo wa, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ponmáran ti kú kí ọpẹ́ tirẹ̀ tó dé. Ẹni tìrẹ ṣì wà láàyè.