Ọ̀mùtí àti Ìyá Ìyàwó Rẹ̀

Bíríkìlà kan wà tí ọtí di ọ̀gá fún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa sọ pé, “Àìsàn ni, ẹ má bá a wí.” Bó bá gbọ́ èyí, a rẹ́rìn-ín, a tún bu sí i. Ìyàwó rẹ̀ a ní, “Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń gbé e mu.” Bó bá gbọ́ ìyẹn, ojú a tì í, ìtìjú náà a sì lé e padà sídìí ọtí.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ìyá ìyàwó rẹ̀ yọ̀ ṣubú nídìí kànga, itan rẹ̀ kán. Nígbà tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ tán nílé ìwòsàn, ilé bíríkìlà yìí ni wọ́n gbé e wá. Nọ́ọ̀sì ní kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹnì kan máa dì í mú. Ìyàwó kì í tètè ti oko dé, iṣẹ́ náà bá di ti ọkọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó máa ń lọ sílé ọtí gan-an, màmá a pè é: “Bàbá Morádékẹ́, ó yá o.” Ta ló jẹ́ kọ̀ fún àna? Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí ọtí tí kò rí mu, ẹsẹ̀ màmá ń gbọ̀n nítorí ìrora. Báyìí ni wọ́n jọ ń rìn yí ilé ká.

Lọ́jọ́ kan, ó pẹ́ kó tó dé, ó sì ń rùn fún ọtí. Ó dọ̀bálẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú. Mo tún ti ṣubú.”

Màmá na ọwọ́ sí i. “Èmi náà ṣubú. N kò bẹ itan mi pé kó kán, ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó, kò sẹ́ni tó lè bá mi rìn ín. Bí o kò bá sì dì mí mú, n kò lè dá a rìn. Dìde, jẹ́ ká lọ.”

Ọkùnrin náà sunkún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, ó jẹ́wọ́ ohun tó ń ṣe é. Ọtí kò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn ó fi í sílẹ̀.

Nígbà tí màmá lè dá rìn, mọ̀lẹ́bí péjọ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ bíríkìlà pé ó tọ́jú àna rẹ̀. Ó mi orí. “Màmá ló tọ́jú mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.”

Ìwọ bàbá tí o wá bi mí bóyá àìsàn ni igbó tí ọmọ rẹ ń mu, tàbí àfọwọ́fà: àìsàn ni, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni ìwòsàn rẹ̀ wà. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó ní kí o tì í mọ́ ìta. Ọmọ rẹ ń dúró lẹ́nu géètì rẹ. Lọ ṣí i. Na ọwọ́ sí i, kí o jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, kí o sì dúpẹ́ pé ó ṣì mọ ọ̀nà ilé.