Àpótí Tí Wọ́n Rì Sábẹ́ Ògiri

Ìdààmú ló ń jí Ṣàngódèyí lójoojúmọ́ kí àkùkọ tó kọ. Olórí mọlémọlé ni ní ìlú Òkè-Amọ̀ láyé àtijọ́, nígbà tó jẹ́ pé amọ̀ ni gbogbo ilé, tó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń pò ó. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Ògiri tó bá mọ kì í tẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé tirẹ̀ ni nǹkan ti ń wó. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, bí ọmọbìnrin, oṣù mẹ́ta kò tíì pé, omi ọyàn sì ń gbẹ nítorí pé ìyá kò jẹun yó. Ọmọ á fa ọyàn títí, á tú u sílẹ̀, á wo ojú ìyá rẹ̀, á tún fà á. Ohun tí Ṣàngódèyí ń wò láràárọ̀ nìyẹn kó tó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Iná ló jó àdúgbò Ìyálóde Mọ́ṣebọ́látán. Ó ń tún ọgbọ̀n yàrá kọ́, ó sì fẹ́ kí wọ́n bo òrùlé kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ṣàngódèyí àti àwọn ènìyàn rẹ̀ mú apá ìlà oòrùn, Ọ̀jẹ́wándé, mọlémọlé bíi tirẹ̀, àti àwọn tirẹ̀ mú apá ìwọ̀ oòrùn. Igba owó ẹyọ ni owó iṣẹ́ òòjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Igba yìí ló ń ra iṣu mẹ́rin tẹ́lẹ̀. Lọ́dún náà, kò ra ju méjì lọ. Àwọn ọkùnrin ń kùn. Mẹ́ta ti di ẹrù wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ sí ìlú mìíràn.

Ṣàngódèyí lọ bá Ìyálóde, ó ní kó sọ igba di ọ̀ọ́dúnrún. Ìyálóde bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Bí mo bá fi owó kún owó, ṣé ọjọ́ á dín nínú ọjọ́?"

Ṣàngódèyí bá mú ọ̀nà ilé ìyánífá pọ̀n.

Obìnrin arúgbó ni ìyánífá yìí. Bàbá Ṣàngódèyí ló mọ ilé tó ń gbé. Nígbà tó ti bi Ifá léèrè tán, ó nàka sí ògiri.

"Wo ìpele kẹta yẹn. Kí lo rí?"

"Ó sán, ìyá."

"Ọjọ́ tí wọ́n mọ ọ́n, mo wà níbẹ̀. Àwọn tó ń tẹ amọ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ọ̀sán, àwọn bàbá yín jókòó lórí àpótí, wọ́n ń wò wọ́n. Nígbà tí àwọn bàbá yín dìde láti mọ ọ́n, àwọn atẹ̀mọ̀ fọ ẹsẹ̀ wọn, àwọn náà jókòó. Ilẹ̀ ṣú, amọ̀ ṣẹ́ kù. Wọ́n fi omi rẹ òkú amọ̀ náà lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ ṣì ń ṣe?"

Ṣàngódèyí wo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe. Mọlémọlé kì í tẹ amọ̀. Èèwọ̀ kọ́, ọlá ni. Àpótí ni olúkúlùkù wọn fi ń jogún ọlá náà.

Ìyánífá wá fi ohùn Ifá sọ̀rọ̀. Ó ní: "Ọwọ́ tó di nǹkan mú kò ṣeé bu nǹkan sí. Ifá ní ire ń bọ̀ wá bá ọ, ṣùgbọ́n kò rí ibi jókòó, nítorí ìwọ lo jókòó sí ààyè rẹ̀. Ẹyẹlé méjì, epo, obì. Àti àpótí tí o jogún, kí o rì í sábẹ́ ògiri. Ti Ọ̀jẹ́wándé pẹ̀lú."

"Àpótí bàbá mi, ìyá?"

"Òun ni. Má tíì dìde. Ẹbọ náà kò mọ sọ́dọ̀ yín. Ìyálóde náà ní ibi tó jókòó sí tí iṣẹ́ kò fi lọ. Ìwọ ni Ifá ní kó o lọ sọ fún un. Kó fi ohùn sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí kí àpótí tó wọlẹ̀. Ẹni tó bá rú ẹbọ kó tó mọ ẹni tí yóò jẹ́rìí sí i, ọwọ́ òfo ló ń nà."

Ṣàngódèyí mọ ibi tí Ìyálóde jókòó sí. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìlú ló mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́. Láràárọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ní àgbàlá rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan amọ̀. Ìyálóde á wẹ̀, á kun osùn, á jẹ ẹ̀kọ. Oòrùn á ti ga kó tó jáde wá jẹ́ kíkí. Ta ni yóò sọ fún ìyá ìlú pé kíkí rẹ̀ ń pẹ́?

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ó rántí ojú ọmọ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó mú àgbààgbà mẹ́ta dání, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, ẹ bi mí bóyá ọjọ́ á dín. Á dín. A ó jọ tẹ amọ̀ láàárọ̀, a ó jọ mọ ọ́n, kò ní sí ẹni tí yóò jókòó wo ẹnìkejì. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa kí yín nírọ̀lẹ́ tí a bá ṣíwọ́. Kí ẹ sì fún wa ní ọ̀ọ́dúnrún. Bí iṣẹ́ bá sì yá, kí ẹ má tìtorí rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni dànù."

Ìyálóde wò ó.

"Ẹ̀rù mi ò bà ọ́?"

"Ó bà mí, ìyá. Ẹ̀rù ebi ọmọ mi ló bà mí jù ú lọ."

Ìyálóde rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àwọn àgbà. "Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀? Bí ẹni fi ẹ̀kọ gbígbóná bọnu." Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ le. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀. "Mo gbà. Ẹ̀yin lẹ́rìí. Ṣùgbọ́n bí oṣù tuntun bá lé tí ògiri kò tíì kan orí ilẹ̀kùn, ẹni tó bá ṣe ìlọ́ra, owó rẹ̀ padà sí igba."

Ṣàngódèyí lọ gbé àpótí bàbá rẹ̀. Ibi tí ìdí bàbá rẹ̀ ti mú dán ni ó fọwọ́ pa títí. Ó rú ẹbọ, ó rì í sábẹ́ ìpìlẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀, ó sì bọ́ sínú amọ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ rí olórí wọn nínú ẹrọ̀fọ̀, ni wọ́n bá ń gbé àpótí tiwọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀jẹ́wándé ní tirẹ̀ gbé ẹyẹlé wá, ó gbé epo wá, ó sì gbé àpótí tuntun tó rà lọ́wọ́ agbẹ́gilére láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyánífá yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìdí rẹ kò kan èyí rí."

"Ìyá, igi ni igi ń jẹ́. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀."

Ó rì í. Ó gba ọ̀ọ́dúnrún rẹ̀. Ó sì padà lọ jókòó lórí ti bàbá rẹ̀, ó ń ké sí òdìkejì: "Ṣàngódèyí! Ẹlẹ́dẹ̀ ń kí ọ o, ó ní ẹ pàdé lóko amọ̀!" Àwọn èèyàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dákẹ́.

Oṣù tuntun lé. Ní ìlà oòrùn, ògiri ti kan orí ilẹ̀kùn, àwọn kan ti ń to igi òrùlé. Ní ìwọ̀ oòrùn, ògiri kò tíì kọjá orúnkún. Ìyálóde dá owó Ọ̀jẹ́wándé padà sí igba gẹ́gẹ́ bó ti wí. Àwọn atẹ̀mọ̀ rẹ̀ fọ ẹsẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó mọ́. Wọ́n kọjá sí òdìkejì. Ṣàngódèyí gbà wọ́n, kò lé ẹnì kan.

Òjò àkọ́rọ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó bá òrùlé ní ìlà oòrùn, ó ṣàn dànù. Ó bá ìhòòhò ògiri ní ìwọ̀ oòrùn, ìpele di ẹrọ̀fọ̀, ẹrọ̀fọ̀ di àgbàrá. Ọ̀jẹ́wándé jókòó nínú òjò náà, ó ń wò ó. Àpótí bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, ó le koko. Ilé ni kò sí. Nígbà tí òjò dá, ó rìn lọ bá Ṣàngódèyí, ó ní òun ṣe tán láti tẹ amọ̀. Ṣàngódèyí kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sún, ó fún un láàyè ẹsẹ̀ méjì nínú kòtò amọ̀.

Ní ilé, Àwẹ̀ró ti ń jẹ iyán yó. Ọmọ fa ọyàn títí ó fi sùn lọ, wàrà ń kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Ifá wí, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ẹni tó rú ohun tó dùn ún, ire bá a jókòó. Ẹni tó fi ẹ̀tàn rú ẹbọ, òun àti àbámọ̀ ni wọ́n jọ ń pín àpótí.