Ìràwọ̀ Ńlá Tó Ní Òun Nìkan Ló Kọ́lé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó tì mí dáadáa. Àjàdí, ọkọ ìyàwó, ìwọ sún mọ́ mi jù wọ́n lọ. Mo gbọ́ bí o ṣe ń mú àlejò yí ilé rẹ tuntun ká lánàá: "Mo kọ́ ọ, mo kùn ún, mo gbẹ́ kànga rẹ̀." Ó dáa. Ẹ wòkè. Ṣé ẹ rí ìràwọ̀ tó pọ́n yẹn? Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní bóyá ọ̀kan ni, bóyá méjì ni, wọn ò tíì lè búra. Èmi ò kàwé, àmọ́ mo mọ ọkùnrin.

Ọkùnrin kan wà lójú ọ̀run, ìràwọ̀ ni. Bó ṣe ń dàgbà ló ń wú bí àkàrà inú epo, tó fi pọ́n bí àgbálùmọ̀. Ó ní ìyàwó kan, ìràwọ̀ kékeré tí kì í pariwo. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń gbé, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ọkọ bò ó mọ́lẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn àgbà ìràwọ̀ wá fi í jẹ baálé. Wọn ò tíì jókòó tán tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wo ilé yìí, èmi nìkan ni mo kọ́ ọ! Ẹ wo iná yìí, èmi nìkan ni mo ń dá a!"

Gbogbo òru ló fi sọ ọ́. Nígbà tó dákẹ́ kó lè mí, olórí àlejò húkọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́. Ó mà ṣe o, a kì í fi àpọ́n jẹ baálé."

"Àpọ́n kẹ̀! Mo níyàwó!"

Àgbà kejì ní, "Ó lè ní in o. Mo rí i tó ń mì sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni tí ẹnìkan ń fà láṣọ."

Olórí àlejò ní, "A kì í fi 'ó lè ní in' jẹ oyè. Ẹ jẹ́ ká rí ìyàwó náà."

Ìràwọ̀ ńlá pe ìyàwó rẹ̀ títí. Ohùn kan dáhùn lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Olówó orí mi, ta lẹ ń pè? Ṣebí ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀."

Àwọn àlejò ti ń wá fìlà wọn, nítorí ìràwọ̀ kì í dúró de oòrùn.

Àjàdí, má rẹ́rìn-ín, ìwọ ni mò ń bá wí. Ta ló pọn omi tí o fi po sìmẹ́ńtì? Ta ló ń dáná fún àwọn bíríkìlà? Bí àlejò bá tún dé, pe ìyàwó rẹ jáde kí wọ́n tó béèrè rẹ̀. Ẹni tí kò mẹ́nu ba ẹnìkejì rẹ̀ lọ́jọ́ ìyìn, lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀, yóò pè é títí ni.

Ìràwọ̀ ńlá rí i pé oyè ń lọ. Ó rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀, ó fún ikùn ńlá yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹn ò sì yá o! Ó ní, "Ìyàwó mi, má bínú. Ẹ̀yin àgbà, àwa méjèèjì la kọ́ ọ. Iná yìí pàápàá, òun ló ń ṣẹ́gi rẹ̀."

Ìyàwó yọ, ó funfun kinniwin. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé wọ́n fún yín lóúnjẹ?"

Láti ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni ò fi omi lọ̀ wọ́n! Kíá ló gbé oúnjẹ kalẹ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n fi ọkọ rẹ̀ joyè wàrà-wàrà. Ilẹ̀ mọ́. Àwọn àlejò gbéra tẹnu-tẹnu, òkèlè ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ń sá fún oòrùn, wọ́n sì ń kígbe lójú ọ̀nà pé, "Ìyá ilé, ó dàbọ̀ o!" Kò sẹ́ni tó rántí kí baálé.